Ilé Ẹjọ́ Ṣàríà Tìmì Àbíbù Lágúnjú ní Ẹdẹ àti Ọ̀rọ̀ Òmìnira Ẹ̀sìn lábẹ́ Òfin

Ìfáárà

Láti ọdún 1999 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara ti kéde pé òun yóò máa lo òfin Ṣàríà, tí ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn ní ìhà Àríwá sì tẹ̀lé e, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ohun àríyànjiyàn ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé àjèjì ni Ṣàríà láàrin Yorùbá, pé àwọn ará òkè Ọya ló fẹ́ gbé e wọ̀lú. Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé ilẹ̀ Yorùbá ti ní ilé ẹjọ́ Ṣàríà rí kí òyìnbó tó dé, wọn a dárúkọ Ẹdẹ, Ìwó, Ìkìrun àti Kúta. Ìdáhùn yìí kì í sábà ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Wọn kì í sọ irú ilé ẹjọ́ tí ó jẹ́, bí ó ṣe parí, àti ohun tí ojú ọba tí ó dá a sílẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìtàn Ẹdẹ kò gbe ìhà kìíní nínú àwọn tí ń jiyàn yìí, kò sì gbe ìhà kejì tó bí wọ́n ṣe rò.

Ìlú Ẹdẹ kí Àbíbù tó jọba

Ìlú ológun ni Ẹdẹ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán Tìmì Àgbàlé, tafàtafà tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Olọ́fà-Iná, láti lọ tẹ̀dó sí ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tí ó bá ti wo eré Dúró Ládiípọ̀ tí ń jẹ́ Ọba Kò So yóò rántí Tìmì yìí àti ìjà òun àti Gbọ́nkáà. Nítorí náà ni okùn ìtàn Ẹdẹ àti ti Ṣàngó fi lọ́ mọ́ ara wọn. Ọdún ààfin ni ọdún Ṣàngó ní Ẹdẹ, kì í ṣe ọdún agboolé kan tàbí àdúgbò kan. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé inú ààfin tí Ṣàngó ti ní ojúbọ ni ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ yóò wá jókòó sí.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàrin ọdún 1830 sí 1840, àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn ya wọ àwọn ìlú ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, àwọn àlùfáà tí wọ́n ti mọ̀wé kéwú sì wà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, abẹ́ Ìbàdàn ni Ẹdẹ bọ́ sí. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ó ń gba ìsákọ́lẹ̀, ó sì ń pe ọmọ ogun jáde nígbà tí ó bá wù ú. Ọba tí ó bá jẹ ní Ẹdẹ láti ìgbà yẹn lọ ní láti bójú wo ẹ̀yìn méjì: ẹ̀yìn àwọn ìjòyè rẹ̀ nílé, àti ẹ̀yìn àwọn balógun Ìbàdàn.

Àbíbù Lágúnjú àti ilé ẹjọ́ rẹ̀

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Àbíbù Lágúnjú gorí oyè Tìmì. Ọmọ ọba ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ kéwú, ó sì ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù kí ó tó di ọba. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. T. G. O. Gbadamosi, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1978 lórí bí Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ láàrin Yorùbá láti 1841 sí 1908, fi ìjọba Àbíbù ṣe ọ̀kan nínú àwọn àmì pé ẹ̀sìn náà ti kúrò ní ẹ̀sìn àwọn àlejò, ó ti di ẹ̀sìn ààfin.

Kì í ṣe pé Àbíbù kàn ń kírun nìkan. Ó ní kí wọ́n máa fi òfin Ìsìláàmù dá ẹjọ́ láàrin àwọn Mùsùlùmí, ó sì yan kádì sí ipò náà. Ẹni tí ìtàn dárúkọ gẹ́gẹ́ bí kádì ni Síńdíkù. Ààfin ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ilé Kádì Síńdíkù fúnra rẹ̀ ní Agbẹ̀ní. Àwọn ọba mìíràn náà ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn náà: Olúwòó Mọ́mọ́dù Lámúyẹ ní Ìwó àti Akìrun Àlíyù Oyèwọlé ní Ìkìrun ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ.

Ṣíṣí tí ilé ẹjọ́ náà ṣí kúrò ní ààfin lọ sí ilé kádì yẹ ní ohun tí ènìyàn ń ronú lé lórí. Ilé ẹjọ́ tí ó wà ní ààfin, àṣẹ ọba ni ó dúró lé. Èyí tí ó wà ní ilé àlùfáà, ìfẹ́ inú àwọn tí ń gbé ẹjọ́ wá ni ó dúró lé. Èkíní lè fi tipátipá mú ẹni tí kò fẹ́ wá. Èkejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ méjì yìí kan náà ni àwọn agbẹjọ́rò ń jà lé lórí lónìí nígbà tí wọ́n bá ń bèèrè bóyá ìgbìmọ̀ Ṣàríà jẹ́ ilé ẹjọ́ tàbí ìgbìmọ̀ onílàjà lásán.

Ogún pípín: ibi tí òfin méjì ti pàdé

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ lásán, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Nínú àṣà Yorùbá, ọ̀nà méjì ni ó wà. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé ni wọ́n fi ń pín in. Nínú orí-ò-jorí, iye orí ọmọ ni. Àtọkùnrin àtobìnrin inú ọmọ ni ó ń jogún bákan náà, ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ kò ní ìpín nínú ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Láyé àtijọ́, òun gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń ṣú lópó. Òfin Ìsìláàmù ní ti ìlànà Málíkì, èyí tí àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, yàtọ̀ sí méjèèjì. Bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti àwọn ìyàwó, wọn a pín in láàrin ara wọn. Ohun tí ó kù di ti àwọn ọmọ, ọkùnrin a gba ìlọ́po méjì obìnrin. Olóògbé kò sì gbọdọ̀ fi ìwé ìhágún fún ẹlòmíràn ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ lọ.

Ká ní ọkùnrin kan kú ní Ẹdẹ, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọkùnrin kan, ìyàwó kejì bí mẹ́rin, gbogbo wọn ọkùnrin. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyálé nìkan yóò gba ìlàjì gbogbo ogún náà. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdá kan nínú márùn-ún ni tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Ìsìláàmù, ìyàwó kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ìdá méje nínú ogójì, èyí tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ọmọ kan náà, baba kan náà, ilẹ̀ kan náà. Òfin tí wọ́n bá lò ni yóò sọ bóyá ìlàjì oko baba rẹ̀ ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ tàbí díẹ̀. Opó tí kò ní nǹkan kan nínú àṣà yóò rí nǹkan gbà nínú Ṣàríà. Ọmọbìnrin tí ó bá arákùnrin rẹ̀ dọ́gba nínú àṣà yóò rí i pé ìpín òun ti dínkù. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìdílé kan náà lè máa jà lórí ilé ẹjọ́ tí àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ kí wọ́n tó jà lórí ogún gan-an.

Bí Àbíbù ṣe kúrò lórí oyè

Ìjọba Àbíbù kò tòrò dé òpin. Ààrin òun àti àwọn ìjòyè tí wọ́n di ẹ̀sìn ìbílẹ̀ mú kò dán mọ́rán, ààrin òun àti Ìbàdàn náà sì bàjẹ́, ní àkókò tí ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti mú kí Ìbàdàn máa fura sí ọba èyíkéyìí tí ó wà ní ojú ọ̀nà ogun. Ó pàdánù oyè rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n mú un lọ, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àwọn kan sọ pé ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó lé e kúrò. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn olórí Ìbàdàn pẹ̀lú ní ìgbà náà. Kò jọ pé kírun tí Àbíbù ń kí ni ó bí wọn nínú. Ohun tí ó hàn ni pé ọba tí ó fẹ́ yí ohun tí ó so ààfin mọ́ ìlú padà nílò ìrànlọ́wọ́ ẹni tí ó lágbára jù ú lọ, Àbíbù kò sì ní in. Nígbà tí ọba lọ, àṣẹ tí ó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́ rẹ̀ bá a lọ. Àwọn tí ń fi Ẹdẹ ṣe àpẹẹrẹ pé Ṣàríà ti jẹ́ òfin ilẹ̀ Yorùbá rí kì í sábà dé orí apá ìtàn yìí.

Ẹ̀sìn náà kò bá Àbíbù lọ o. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù ní Ẹdẹ títí di òní olónìí. Ṣíṣàn ni ẹ̀sìn ń ṣàn bí omi. Ilé ẹjọ́ ni ó nílò ọba.

Òyìnbó dé

Ní ọdún 1893 ni Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, Ẹdẹ sì tẹ̀lé e bọ́ sábẹ́ òyìnbó. Ní Èkó, òfin ti wà láti 1876 pé kí àwọn ilé ẹjọ́ máa lo òfin àti àṣà ìbílẹ̀, bí kò bá ti tako òtítọ́, ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn tán ni pé: kí ni àṣà ìbílẹ̀ Mùsùlùmí Yorùbá? Ní Àríwá, ìjọba òyìnbó dáhùn kíákíá: ó fi àwọn alákàálì sílẹ̀ lórí àga wọn. Ní ìhà ibí, àwọn ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí ó gbilẹ̀ lẹ́yìn 1914 jẹ́ ti àwọn ọba àti ìjòyè, àṣà Yorùbá ni wọ́n sì ń lò fún gbogbo ènìyàn, ìbáà ṣe oníṣàngó, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá kọ sí ìjọba pé kí wọ́n fún àwọn ní kádì kò so èso.

Kò túmọ̀ sí pé àwọn adájọ́ òyìnbó kò mọ̀ pé ìgbéyàwó Mùsùlùmí wà. Nínú ẹjọ́ Asiata àti Goncallo ní ọdún 1900, ọ̀rọ̀ ọkùnrin Yorùbá kan ni, Alli Elese, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil. Ó gbéyàwó níbẹ̀ ní ìlànà Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, ó padà sí Èkó, ó sì tún fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ìlànà Mùsùlùmí. Ilé ẹjọ́ gbà pé àwọn ọmọ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó méjèèjì ní ẹ̀tọ́ sí ogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí kò ju ìdí-igi àti orí-ò-jorí lọ. Orúkọ Mùsùlùmí ni orúkọ olóògbé, ṣùgbọ́n ìlànà Ìsìláàmù kọ́ ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀. Ìdí-igi ni Privy Council fi lélẹ̀, ó sì sọ pé kò tako ẹ̀tọ́. Ohun tí Síńdíkù ń ṣe ní Agbẹ̀ní ti di ohun tí ilé ẹjọ́ gíga kò tilẹ̀ bèèrè mọ́.

Onígbàgbọ́ lórí ìtẹ́ Tìmì

Ní ọdún 1946 ni Adétóyèṣe Láoyè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, jọba ní Ẹdẹ. Ọba tí gbogbo ayé mọ̀ sí onílù ni. Ọ̀gá ni nínú ìmọ̀ dùndún àti gángan. Mẹ́múdù Lágúnjú, láti ìdílé Àbíbù, pe ẹjọ́. Ó pe Ìgbìmọ̀ Olúbàdàn àti Láoyè lẹ́jọ́ pé yíyàn náà kò bá àṣà mu. Ẹjọ́ náà gun òkè títí dé Privy Council, tí ó dá a ní ọdún 1952 pé òfin ìgbà náà ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ Gómìnà nìkan, ilé ẹjọ́ kò lè wá inú rẹ̀. Ìdílé tí ọwọ́ Ìbàdàn ti gba oyè kúrò nílé wọn ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú tún pàdé Ìbàdàn ní kóòtù, wọ́n sì tún pàdánù.

Ẹjọ́ oyè ni, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀sìn. Kò sí ẹni tí ó lọ sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé onígbàgbọ́ kò lè jẹ Tìmì. Èyí gan-an ni ó yẹ kí a kíyè sí. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, Kìrìsìtẹ́nì jọba títí di 1975 tí ó wàjà, ọdún Ṣàngó kò sì kúrò ní ààfin. Ìwé kan tí Insa Nolte, Olúkọ̀yà Ògẹ́n àti Rebecca Jones ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 2017 dá lé Ẹdẹ látòkèdélẹ̀ nítorí irú ohun báyìí. Ọba Mùsùlùmí ni ó jẹ lẹ́yìn Láoyè, Mùsùlùmí náà sì ni Tìmì tí ó wà lórí oyè láti 2008, Ọba Múnírù Adéṣọlá Lawal. Lónìí, Yunifásítì Redeemer tí ó jẹ́ ti ìjọ Ìràpadà àti Yunifásítì Adeleke tí ó jẹ́ ti ìjọ Adventist wà ní ìlú kan náà.

Òfin orílẹ̀-èdè àti ìjà òde òní

Ní ọdún 1978, nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin tí Nàìjíríà yóò fi kúrò lábẹ́ ìjọba ológun, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ti ìjọba àpapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí bínú jáde. Òfin 1999 jẹ́ ti àárín. Abala 10 sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tí ó wù ú, láti yí i padà, láti kọ́ni àti láti fi í hàn. Abala 275 sì sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà, fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ogún, ẹ̀bùn àti irú wọn láàrin Mùsùlùmí. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tí ó tíì sọ pé òun fẹ́.

Ohun tí àwọn Mùsùlùmí ṣe ni pé wọ́n dá ìgbìmọ̀ Ṣàríà olómìnira sílẹ̀, ní Ìbàdàn àti Èkó ní ọdún 2002. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́yìn ìdájọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gbà láti wá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ilé Síńdíkù ni èyí, kì í ṣe ààfin Àbíbù. Síbẹ̀, nígbà tí irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Adó-Èkìtì ní oṣù kìíní ọdún 2025, ariwo sọ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé Zamfara ti dé. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣàdédé wá, nítorí pé láti ọdún 2000 ni ìdájọ́ bí ọwọ́ gígé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìbẹ̀rù tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹjọ́ ọ̀daràn àti ẹjọ́ ogún.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, híjáàbù ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá ní Òṣogbo dá a pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n ní nǹkan bí 1975 wà lára wọn. Ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Onítẹ̀bọmi, Ìwó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin ìjọ wá sí kíláàsì. Ní ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ọwọ́ sí híjáàbù nínú ẹjọ́ ti Èkó. Èyí tí ó kù tí òfin kò dáhùn ni ti ẹni tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbà, tí orúkọ ìjọ sì wà lára ògiri rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi

Ẹdẹ kọ́ ni ó dá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Gáńbíà, ìjọba òyìnbó kan náà tí kò fún Yorùbá ní kádì ṣe òfin ní 1905 tí ó gba òfin Mùsùlùmí láàyè. Ní Ontario, ní Kánádà, ìjọba pinnu ní 2005 pé ìdájọ́ onílàjà ẹlẹ́sìn kò ní lágbára òfin mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, ó sì kan Júù àti Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú Mùsùlùmí. Èyí tí ó jọ ti Ẹdẹ jù wá láti Gíríìsì. Àdéhùn àtijọ́ kan ti fi àwọn Mùsùlùmí ìhà Thrace sábẹ́ mùfútì. Ọkùnrin kan ní ìlú Komotini fi ìwé ìhágún fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, Molla Sali, ó sì kú ní 2008. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà lóbìnrin sọ pé Ṣàríà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ Gíríìsì gbè wọ́n, opó náà sì pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní oṣù kejìlá 2018 ni Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá a pé wọ́n ti yan obìnrin náà jẹ, nítorí pé kò bá tí rí bẹ́ẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ kì í bá ṣe Mùsùlùmí. Gíríìsì ti yí òfin náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn pé ẹni tí ó bá fẹ́ nìkan ni kí ó lọ sọ́dọ̀ mùfútì.

Yorùbá Mùsùlùmí wà ní ìdàkejì: kádì kò sí fún ẹni tí ó fẹ́. Ní Gíríìsì, wọ́n fi mùfútì mú ẹni tí kò fẹ́. Nínú méjèèjì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́ ni wọ́n bi léèrè.

Ní Ẹdẹ, bí ó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, nígbà tí Mùsùlùmí bá kú, ẹbí a ránṣẹ́ pe àwọn àlùfáà láti pín ogún. Bí gbogbo wọn bá gbà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí ọmọ kan bá sọ pé òun kò gbà, kóòtù ìbílẹ̀ ni yóò gba ọ̀nà rẹ̀, níwájú adájọ́ tí òfin kò béèrè pé kí ó mọ kéwú, ìdí-igi àti orí-ò-jorí ni yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.